Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lára Odi Vidin

Nevyana fi àyà lélẹ̀ lórí odi etí odò, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí omi dé. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Odò Dunav pọ́n bí ẹrẹ̀, ó ń gbé odindi igi kọjá, ó sì kù díẹ̀ kó gorí odi wọ ìlú Vidin.

Ọjọ́ kẹta rèé tí àwọn ará àdúgbò ti ń to àpò iyanrìn. Kalin, ẹnjiníà tí wọ́n rán wá láti Sofia, olú-ìlú, ní ó tó gẹ́ẹ́, kí oníkálukú lọ di ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ ti ń dúró. Àwọn kan ti ń ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Nevyana mọ̀ pé bí wọ́n bá lọ, kò ní sí ilé tí wọn yóò padà sí.

"Omi ò yára mọ́," ló wí. "Láàárọ̀, ìka mẹ́rin ló ń gùn ní wákàtí kan. Ní báyìí, ìka kan péré ni."

"Ìyá, ṣọ́ọ̀kì kọ́ la fi ń gba ìlú là."

"Òótọ́ ni. Ọwọ́ la fi ń gbà á. Fún wa ní wákàtí méjì, ọmọ mi."

Kalin kò tíì dáhùn tí omi fi tú jáde lábẹ́ odi, níwájú ilé Nevyana gan-an.  Nevyana pe Borko apẹja, aládùúgbò rẹ̀, pé kó bá òun yọ ilẹ̀kùn ńlá tí ọkọ òun gbẹ́ kó tó kú. Borko bi í bóyá ó dá a lójú. Nevyana ní bí odò bá wọlé, ilẹ̀kùn wo lèèyàn tún fẹ́ tì.

Wọ́n gbé e dí ojú ihò náà. Àwọn tó ti ń lọ padà wá. Kalin alára fi èjìká tì í títí wọ́n fi to àpò lé e. Odò kì í kún bo ẹja lójú. Kò sẹ́ni tó tún bojú wo ọkọ̀.

Nígbà tó di agogo mẹ́rin, Nevyana fa ìlà mìíràn. Ìsàlẹ̀ ti ìṣáájú ló bọ́ sí.

Borko bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún gbogbo wọn. Kalin jókòó ti Nevyana, ó bi í níbi tó ti kọ́ omi wíwọ̀n. Nevyana ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lòun fi ka ìwọ̀n odò ní èbúté, tóun ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Sofia láràárọ̀. Òun ò tiẹ̀ rò pé ẹnikẹ́ni ń kà á.

Kalin gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni Gechova tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ìwé wọ̀nyẹn? Àkọsílẹ̀ yín ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ ní yunifásítì, Ìyá."

 Nevyana yíjú sí odò. Gbogbo àárọ̀ yìnyín tí òun nìkan ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté wá sí i lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó tutù nínú wọn mọ́.