Ihò Márùn-ún Lára Ìwé Ìtúúbá

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ìyá mi fi pe bàbá mi ní òpùrọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì fà á. Ọjọ́ tí ogun parí ni wọ́n bí mi. Ìyá mi nìkan ló rọbí, kò sí ọkọ nítòsí. Ọjọ́ kẹrin ni bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀ tó ń rán aṣọ fún àwọn sójà, ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú sílé, irùngbọ̀n ti gba gbogbo àgbọ̀n wọn.

"Pínnì ló tán nínú àgọ́," ni wọ́n wí. "Èmi ni wọ́n pè kí n rán ìwé ìtúúbá pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rán, ni wọ́n bá tì mí mọ́lé kí n má baà lọ ròyìn."

Ìyá mi bi wọ́n pé látìgbà wo ni télọ̀ ti ń rán ìwé. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé ilé obìnrin kan ni ọkọ wọn ti ń bọ̀. Bàbá mi ń pè mí ní Àlàáfíà nítorí ọjọ́ náà. Ìyá mi kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, "ìwọ ọmọ yìí" ni mò ń jẹ́ lẹ́nu tiwọn. Bí ìtàn náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi á ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Bàbá mi á ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi náà kò gba bàbá mi gbọ́, kí n má purọ́. Ṣe ni mo máa ń wá iṣẹ́ ṣe kí n lè kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ìwé àtijọ́ ṣe ní ilé gbàǹjo kan tó ń ta ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìwé tí ikán jẹ, tí omi bà jẹ́, tí ẹnìkan da tíì sí, iwájú mi ni wọ́n ń gbé e wá. Mo máa ń tọpinpin jù. Mi ò kọ́kọ́ ń bèèrè ohun tó ṣe ìwé. Ibi tó ti ń bọ̀ ni mo ń bèèrè. Ọ̀gá mi ní ká ní dókítà ni mí, aláìsàn á ti kú kí n tó bi í ní ìbéèrè tán.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá gbé ìwé ìtúúbá kan ka iwájú mi. Ojú ewé mẹ́ta ni. Ọ̀gágun méjì ló buwọ́ lù ú, ọ̀kan fi yíǹkì dúdú, èkejì fi búlúù. Mo wo déètì rẹ̀, ọjọ́ ìbí mi ni. Ilé gbàǹjo mìíràn ti ń pariwo pé ọwọ́ àwọn ni ojúlówó wà, nítorí náà ọ̀gá fún mi di ọjọ́ Ẹtì kí n sọ bóyá tiwa ni wọ́n gbé sórí tábìlì lọ́jọ́ náà, àbí àdàkọ lásán.

Fáìlì kan bá a wá, mo sì fi ìwọra kà á. Dẹ́rẹ́bà ọ̀gágun tó borí ló kọ́kọ́ mú ìwé náà lọ sílé, torí kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ tó ń kó ìbọ̀sẹ̀ sí. Nígbà tí ọkọ kú, obìnrin náà fi í gba rédíò lọ́wọ́ ẹni tó ń ta sítáǹpù àtijọ́. Onísítáǹpù tà á fún oníṣègùn eyín, ìyẹn fi férémù gbé e kọ́ sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú ṣe ń ka bí ogun ṣe parí fún ọdún mọ́kànlá. Olówó kan rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ tí eyín ń ro ó. Ó rà á, ó tì í mọ́ inú sééfù, kò fi han ẹnikẹ́ni títí tó fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá fún wa, torí ewé mẹ́ta kò ṣe é pín fún ọmọ márùn-ún.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ohunkóhun tí kì í bá ṣe bébà gbọ́dọ̀ kúrò lára ìwé kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀: pínnì, gọ́ọ̀mù, òwú. Òwú ló wà ní igun èyí. Mo fi síṣọ́ọ̀sì gé e, mo fà á yọ, mo jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Oníṣègùn eyín ni mò ń rò lọ́kàn.

Ọjọ́rú ni mo tó fi awò wo igun náà dáadáa. Ihò márùn-ún ni: mẹ́ta lókè, méjì nísàlẹ̀. Lójú ewé kejì, kókó òwú ti tẹ àpá sára bébà.

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń rán gbogbo ìwé ilé wa: ìwé ẹ̀rí mi, rìsíìtì iná, káàdì ọsibítù. Mẹ́ta lókè, méjì nísàlẹ̀, kí kókó fara pamọ́ sí àárín, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ewé kan kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé títí nítorí ẹ̀. Mo sáré lọ síbi garawa, àmọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ti da ìdọ̀tí nù láti àná. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí bàbá mi ní láyé, èmi ọmọ wọn ni mo fi síṣọ́ọ̀sì gé e. Ojú tì mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì tí àwọn dá kò yí padà.

Mo fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe àdàkọ ihò náà àti àpá kókó, mo sì gba ilé lọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ìyá mi ń ká aṣọ. Bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú wọn ti di bàìbàì, wọn ò ránṣọ mọ́. Mi ò sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo fún wọn ní bébà mẹ́ta, mo ní kí wọ́n bá mi rán an pọ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò díwọ̀n igun bébà, wọ́n fi èékánná sàmì sí i, wọ́n sì rán an láìwò ó. Eyín ni wọ́n fi já òwú.

Ìyá mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ìgbà náà ni mo tó ròyìn: dẹ́rẹ́bà, dúrọ́ọ̀ ìbọ̀sẹ̀, oníṣègùn eyín, garawa.

Ìyá mi ní télọ̀ pọ̀ láyé. Wọ́n gba bébà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tú òwú rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n gbé àdàkọ mi lé e, wọ́n sì nà án sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba ihò márààrún kọjá. Wọ́n ṣí ewé kejì wò. Àpá kókó wà níbi tí mo yà á sí gan-an. Mo ti mọ ohun tí màá kọ fún ọ̀gá: tiwa ni ojúlówó.

Mo rò pé ìyá mi á tún wá àbùkù mìíràn, torí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n wọn lẹ́nu. Àfi bí wọ́n ṣe fa àga, tí wọ́n jókòó ti bàbá mi.

"Bàbá Àlàáfíà," ni wọ́n wí.

Bàbá mi wò yíká bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

"Kí ni wọ́n fún yín jẹ níbẹ̀?"

"Bísíkíìtì," bàbá mi dáhùn. "Bísíkíìtì líle àti omi, fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo fi méjì sápò bọ̀ wá fún ẹ. Ẹnu ọ̀nà lo ti gbéjà kò mí, mi ò lè mú un jáde mọ́."

Ìyá mi fi aṣọ tí wọ́n ń ká nu ojú, omijé kò sì dá. Nígbà tó yá, wọ́n yíjú sí mi.

"Àlàáfíà," wọ́n ní, "lọ bá bàbá ẹ gbé oúnjẹ wá."