Igbe "Dà" Nídìí Iná

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń da irin yíyọ́ nílé iṣẹ́ ìdarin kan. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń yí ìkòkò iná yẹn, kò da ẹ̀kán kan nù rí. Àbúrò rẹ̀ ló ń fi yanrìn mọ àpótí tí irin ń wọ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá mọ ọ́n tán, èkejì á da irin sí i.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fẹ́ dà. Ẹnjiníà ará Rọ́ṣíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́sẹ̀ yẹn ló ń pàṣẹ. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí àkókò bá tó, kó pariwo "Dà!"

Irin ti yọ́, ooru rẹ̀ ń ta Jẹ́jẹ́ létè. Èéfín bo ìdí àpótí. Ẹnjiníà kẹ̀yìn sí wọn, fóònù wà létí rẹ̀. Lójijì ló kígbe: "Dà! Dà!"

Jẹ́jẹ́ yí ọwọ́ ìkòkò. Ẹnu ìkòkò ń tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rántí ìṣe wọn: Àbúrò òun kì í kúrò nídìí àpótí láìpàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ọ̀hún dà?

"Àbúrò!"

"Ẹ dúró! Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì wà níbí o!"

Jẹ́jẹ́ fi gbogbo ara fa ìkòkò padà. Ẹ̀kán kan ti bọ́. Ó ba àbúrò léjìká, ẹ̀wù rẹ̀ gbiná. Àwọn òṣìṣẹ́ fa ẹ̀wù náà ya, wọ́n gbé e sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi níta.

Jẹ́jẹ́ gbá ẹnjiníà lọ́rùn ẹ̀wù mú. "O fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi sun ọmọ ìyá mi ni?"

Obìnrin akọ̀wé tó gbọ́ èdè méjèèjì sáré dé. Ó bi ẹnjiníà léèrè ọ̀rọ̀, ó yíjú sí Jẹ́jẹ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Lédè tiwọn, 'da' ni 'bẹ́ẹ̀ ni'."

Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ tú. "Bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá wí."

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹnjiníà náà, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó jókòó sórí yanrìn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹnu kò pé ẹnu ò ní pàṣẹ iná mọ́. Aṣọ pupa ni wọn yóò máa gbé sókè, ẹni tó bá sì kúrò nídìí àpótí gbẹ̀yìn ni yóò gbé e.

Nírọ̀lẹ́, Jẹ́jẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ nílé. Ìyàwó àbúrò gbé oúnjẹ síwájú wọn, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ kò bu òkèlè kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹun," ni àbúrò wí, báńdéèjì léjìká. "Èmi tí iná jó ti fẹ́ẹ̀ jẹ tèmi tán, ẹ̀yin tí iná ò kàn lẹ wá ń ṣàìsàn."

Jẹ́jẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló bú jáde.