Omi Ló Lọ, A Kò Fà Á

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà a máa rò pé àfi kí ẹ̀rọ ńlá gbé ọkọ̀ ojú omi jáde kí èèyàn tó lè kun ìdí rẹ̀. Ismaël kì í wá ẹ̀rọ kankan. Ní etí omi Libreville ní ilẹ̀ Gabon, bí omi bá kún, yóò tu ọkọ̀ wá sórí yanrìn, yóò fi igi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà wó, yóò sì dúró. Bí òkun bá ti fà sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á wà ní gbangba. Yóò yára ha á, yóò kùn ún ní ọ̀dà pupa tí kì í jẹ́ kí nǹkan inú omi lẹ̀ mọ́ pákó, kí omi tó padà wá gbé e.

Bó ṣe ń kun ọkọ̀ gbogbo ayé nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ti Roqeeb ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tí òkun gbé lọ lásìkò òjò tó kọjá.

Ẹ́ńjìnnì Roqeeb ló bàjẹ́ tó fi wọ ọkọ̀ Damien, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ pẹja. Ìjì dé. Wọ́n rí òkú Damien létíkun, wọn kò rí ti Roqeeb títí di òní. Ismaël ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Muslimat, ìyàwó Roqeeb, kò sunkún rárá. Ó ní bóyá ọkọ̀ àwọn àjèjì kan ló gbé ọkọ òun, bóyá ó wà ní erékùṣù São Tomé tí kò rí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lò.

Àwọn apẹja etí omi yẹn sì ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá kú, wọn a fa ọkọ̀ rẹ̀ gun orí ilẹ̀, wọn a dojú rẹ̀ dé. Ìdí nìyí tí Muslimat kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan okùn ọkọ̀ náà. Ó wà lójú omi bẹ́ẹ̀, tí ewé omi àti ìkarahun wẹ́wẹ́ fi bò ó nídìí. Nígbà tó rí i pé ó ti ń rì díẹ̀díẹ̀, ó wá bẹ Ismaël pé kó kùn ún, ṣùgbọ́n kó má fà á. Ismaël ṣàlàyé bí òun yóò ṣe ṣe é fún un.

Muslimat rò ó wò, ó ní, “Ìyẹn ni pé omi ló lọ, a kò fà á.”

Ismaël ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo àgbàlagbà méjì tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń bá òkun ṣe àdéhùn.

Ìyá Ismaël àti Roqeeb ti pe Ismaël láti ilé ní Pọ́bẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni màmá náà ń sọ: ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ó ní kí Ismaël lọ bá ìyàwó sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè kírun sí Roqeeb lára, bí òkú rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ismaël á dé ṣọ́ọ̀bù Muslimat ní àdúgbò Awendjé, Muslimat á gbé omi fún un, á pè é ní Eyínfúnjowó, nítorí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, á sì bi í pé irú ọ̀dà wo ni inú Roqeeb máa dùn sí. Ismaël á mu omi náà tán, á máa lọ láìjíṣẹ́ ìyá rẹ̀.

Nísinsìnyí ó ń ha ìdí ọkọ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ wọnú pákó bí ìgbà téèyàn gún iṣu sísè. Ó tún gún ibòmíràn, ó wọlé bákan náà. Kòkòrò omi ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ọ̀dà kò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́, àfi kí wọ́n fà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n fi pákó tuntun sí i. Ó wẹ̀yìn, ó rí Muslimat tó jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì, tó ń wò ó. Ó rọra fi ọ̀dà bo ibẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, àánú obìnrin náà ló ń ṣe é. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà á.

Muslimat dìde pé òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó fọwọ́ ti ara ọkọ̀ kó lè bẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wọnú pákó. Ó fà á yọ, ó ń wo ọ̀dà pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé ẹ rí i kí ẹ tó kùn ún?”

“Mo rí i.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

Ismaël wo òkun tó ti ń padà bọ̀. “Ìyàwó wa, ohun tí mi ò sọ fún ọ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí Damien.”

Ó ń retí pé yóò figbe ta. Muslimat padà jókòó, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

“Ìyàwó kọ́ ló ń túfọ̀ ọkọ,” ó ní. “Ẹbí ọkọ ni. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè. Ẹ̀ ń wá, ẹ̀ ń mu omi, ẹ̀ ń lọ. Mo ní bí àbúrò rẹ̀ kò bá tíì sọ ọ́, kí ni tèmi?”

Ismaël ti rò pé òun ń dúró de obìnrin náà kí ọkàn rẹ̀ lè gbà, kò mọ̀ pé òun gan-an ló dè é mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ojú tì í, ó dùn ún wọra.

Muslimat ní kó pe àwọn ọkùnrin wá fà á. Wọ́n wá, wọ́n sì fà á gun òkè, ọ̀dà tútù ń kun yanrìn lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dojú rẹ̀ dé. Obìnrin náà wò wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán, ó sì kọjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀.

“Ọjọ́ opó mi ńkọ́?” ó bi í. “Ṣé láti ọjọ́ tó lọ ni kí n ti máa kà á ni, àbí láti òní?”

Ismaël ní òun óò bi ààfáà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà, ó fẹ́ lọ fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó sínú yanrìn, ó bú sẹ́kún.