Àtùpà Tó Ń Kú Lórúkọ Kẹta

Àtùpà náà kú mọ́ Verna Tuominen lọ́wọ́ bó ṣe pe orúkọ kẹta tán, wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù mí.

Ilé eré wa ní Duluth, ní Amẹ́ríkà, súnmọ́ adágún omi ńlá débi pé, bí ọkọ̀ tó ń kó irin bá fọn fèrè nígbà tí eré ń lọ, àwọn òṣèré á dúró dè é kó parí ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa tọ́jú ohun tí òṣèré ń mú lọ́wọ́ jáde: ife, ìbọn onígi, ìwé ìròyìn àtijọ́. Àtùpà yìí ló ṣòro jù nínú wọn. Bí o bá rí i, wàá ní elépo ni, irú èyí tí àwọn baba ńlá wa ń gbé lọ sétí omi. Irọ́ ni. Gílóòbù kékeré ló wà nínú ẹ̀, àti bátìrì, àti ẹ̀rọ kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tó ń gba àṣẹ láti inú afẹ́fẹ́. Ẹni tó gbé e dání kọ́ ló ń tàn án, òun kọ́ ló sì ń pa á. Rudy Zupan ló ń ṣe ìyẹn láti yàrá òkè lẹ́yìn èrò ìwòran, nídìí pátákó tó ń darí gbogbo iná ilé náà.

Ìyàwó ẹni tó ń ṣọ́ ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà létí omi ni Verna nínú eré náà. Ní ìparí, gbogbo iná yòókù á kú, òun nìkan á kù lórí ìtàgé pẹ̀lú àtùpà lábẹ́ àgbọ̀n, á wá máa pe orúkọ àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án tí ìjì oṣù kọkànlá gbé lọ. Kì í ṣe orúkọ àròsọ. Àwọn ará ìlú ló pawọ́ pọ̀ kọ eré yìí, òkú wọn ni wọ́n sì kọ sínú ẹ̀. Ẹni kẹsàn-án ni Eino Tuominen, ẹ̀gbọ́n Verna. Wọn ò rí òkú ẹ̀ títí dòní.

Grayson Pell, olùdarí eré tí wọ́n gbà wá láti Minneapolis, ò fẹ́ ju orúkọ mẹ́ta lọ. Ó ní lẹ́yìn ẹ̀kẹta, àwọn èèyàn á ti máa wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn lápò. Àwọn tó kọ eré ní àwọn ò ní yọ ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, orúkọ kẹta jáde lẹ́nu Verna, àtùpà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ sílẹ̀, ó kú. Òkùnkùn bo gbogbo ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, bí òkùnkùn bá ṣú lórí ìtàgé báyẹn, eré tán nìyẹn, àtẹ́wọ́ ló kù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mò ń gbọ́ ohùn Verna lábẹ́ àtẹ́wọ́, ó ń pe ẹ̀kẹrin, ó ń pe ẹ̀karùn-ún, bí ẹni tó ń kígbe nísàlẹ̀ omi.

Grayson wọlé tọ̀ wá. "Ta ló ń bójú tó bátìrì?"

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Linnea, ìyá ẹ tó fi ẹ́ sílé, tó ń fúnra ẹ̀ kọ́ ẹ níwèé dípò iléèwé, ṣé kò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ki iná bọ ògiri ni?" Grayson bi mí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bátìrì náà wà lọ́wọ́ mi, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ó jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo fi bátìrì tuntun sí i. Ó tún kú, lórúkọ kẹta kan náà. Bátìrì tó mọ orúkọ kà, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Lọ́tẹ̀ yìí Rudy fúnra ẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa.

"Kì í ṣe ọmọ yìí o," ó sọ fún Verna. "Ife kọfí ni mo fọwọ́ méjèèjì dì mú. Mò ń wo pátákó báyìí, iná yín ń lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Iwin ni?"

"Iwin tó ní fóònù. Nígbà tá à ń fi eré dánra wò, Grayson ní kí n so fóònù òun mọ́ pátákó, kí òun lè máa rìn kiri inú ilé, kí òun máa tan iná wò láìgun òkè wá bá mi. Ó ṣì wà lórí ẹ̀."

Verna bọ́ bàtà eré sílẹ̀, ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn lọ sí yàrá tí Grayson ti ń mu ọbẹ̀ ìrẹsì tó ń hù fúnra ẹ̀ létí omi wa. A tẹ̀ lé e.

"Grayson, ṣé ìwọ lò ń pa àtùpà mi?"

Kò tiẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ jókòó, Verna. Ó ti rẹ̀ yín."

"Mo bi ọ́ ní nǹkan."

"Èmi ni. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ àtẹ́wọ́ ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Orí ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń pa á lé."

"Mi ò yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ lẹnu yín, ẹ máa pè é lọ. Iná ni tèmi."

"Màá yọ fóònù ẹ yẹn báyìí báyìí," Rudy sọ.

"Yọ ọ́, kó o sì máa lọ sílé. Àwọn tó lè jókòó sídìí pátákó pọ̀ ní Minneapolis."

Ojú Rudy pọ́n. Verna di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú. "Fi í sílẹ̀. Ìyàwó ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mi ò ní jẹ́ kébi pa ọmọ ọwọ́ nítorí òkú." Ó wá yíjú sí Grayson. "Lempi ń bọ̀ lọ́la."

"Ta ni Lempi?"

"Ìyàwó Eino. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kò rí sàréè tó lè dúró tì. Látọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn ti rì, ẹnikẹ́ni ò tíì pe orúkọ ọkọ ẹ̀ níwájú èrò kó gbọ́."

Grayson bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ó gbé e mì. "Ẹ pè é sí i létí nígbà tẹ́ ẹ bá jọ ń jẹun."

Mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ìbínú a máa gbóná láyà. Tèmi tutù. Ó tutù bí omi wa, tó máa ń pa èèyàn kó tó rì.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí èrò tó wọlé, Verna wá sídìí tábìlì mi.

"Linnea, iná iwin dà?"

Iná iwin ni gílóòbù kan ṣoṣo lórí ọ̀pá irin ẹlẹ́sẹ̀ táyà, tí à ń fi sílẹ̀ láàárín ìtàgé nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ. Àwọn kan ní torí kí ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ má baà já bọ́ látorí ìtàgé ni. Àwọn àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ti àwọn òṣèré tó ti kú ni, kí wọ́n lè rí ibi ṣeré.

"Ó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé lápá òsì," mo ní.

"Ta ló ń darí ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni. Ara ògiri ló ti ń jẹun."

"Wáyà ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó gùn dé àárín ìtàgé."

Ó wò mí lójú. "Orúnkún ń dùn mí. Mi ò lè máa bẹ̀rẹ̀ wá ihò iná kiri nínú òkùnkùn."

"Mo gbọ́," mo ní.

Lempi jókòó síwájú pátápátá, ó dé fìlà onírun, ó gbé irin tó fi ń rìn sí ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀. Grayson wà nídìí ọ̀nà láàárín èrò. Eré lọ bó ṣe máa ń lọ. Gbogbo iná kú, Verna gbé àtùpà sókè, ó pe ẹni àkọ́kọ́, ó pe ìkejì, ó pe ìkẹta.

Àtùpà kú.

Àtẹ́wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró gbà, Verna ti ju àtùpà náà sílẹ̀. Gbogbo ọwọ́ dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Mi ò tíì tán," Verna sọ.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo gbọ́ nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ ba ọ̀pá irin. Mo ki wáyà bọ ògiri.

Iná tó burẹ́wà ni. Ó funfun báláú, kò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Gbogbo ìlà ojú Verna ló yọ síta. Ó fà á jáde, táyà ẹ̀ ń han tẹ̀lé e. Ó dúró, ó di ọ̀pá náà mú, ó pe ìkẹrin.

Ojúkan péré ni iná tún wà nínú ilé náà: abẹ́ àgbọ̀n Grayson. Fóònù tan sí i lójú. Àtàǹpàkò ẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń fi pa dígí bí ẹni tó ń nu ẹrẹ̀ nù. Àwọn tó jókòó nítòsí yíjú wò ó. Lẹ́yìn náà àwọn tó wà níwájú wọn náà yí. Ìkẹfà, ìkeje, ó ṣì ń fi àtàǹpàkò pa á. Obìnrin kan sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó gbé e pamọ́, ojú ń tini. Grayson dojú ẹ̀ dé àyà.

"Eino Tuominen," Verna sọ.

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Lempi ló sọ̀rọ̀ látìsàlẹ̀, kò pariwo.

"Ó ga. Ó ga ju ilẹ̀kùn lọ."

"Ó máa ń forí gbá a," Verna dá a lóhùn.

Kí àtẹ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni Grayson ti sáré gba ẹ̀gbẹ́ wọlé bá wa lẹ́yìn aṣọ ìkélé, fóònù náà ṣì ń tàn lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ta ló tan ìyẹn? Ta ló ki wáyà ẹ̀ bọ ògiri?"

Àwọn òṣèré ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún dé ọ̀nà ọ̀fun mi, àmọ́ kò jókòó.

"Èmi ni," mo ní. "Ìyá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki iná bọ ògiri."

"Pa á."

Mo bọ́ síwájú ihò iná náà, mo ká ọwọ́ sáyà, mo dúró.