Dọ̀káàsì Kò Sí Nínú Omi Yìí

"Dọ̀káàsì, mo rì ọ́ bọmi ní orúkọ Baba..."

Pásítọ̀ Gbọ́lágadé tẹ orí Safiyat, orí kò tẹ̀. Omi ọ̀sà Àjídò mù ún dé ìbàdí, aṣọ funfun ìrìbọmi lẹ̀ mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n ó ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, ó dúró gbọin.

"Dọ̀káàsì ò sí nínú omi yìí, Pásítọ̀. Safiyat ni mí."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn obìnrin tó wà létí omi. Pásítọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Arábìnrin, a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ti inú Ìsìláàmù wá sínú ìjọ wa, orúkọ tuntun ló ń gbà."

"Ẹ ti sọ ọ́, sà. Èmi ni mi ò tíì gbà. Ìyá mi ló sọ mí lórúkọ, kò sì ṣẹ̀ yín."

Ó ń dun Safiyat náà pé òní ló ń jiyàn. Nígbà tí òkun gbé ọkọ rẹ̀ lọ, gbogbo ayé wá kí i, gbogbo ayé padà sílé. Àwọn obìnrin ìjọ kékeré yìí ni kò lọ. Ruth, tí ààrò ẹja rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, bá a dáná, ó bá a yí ẹja, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un lóúnjẹ bí ọmọ. Inú èéfín yẹn náà ló ti kọ́ ọ lórin ìyìn. Bí Pásítọ̀ bá gòkè odò láì rì í bọmi lónìí, kò ní lè bá wọn jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

"Pásítọ̀, nígbà tí mo dùbúlẹ̀ nínú iyàrá, tí ayé sú mi, Jésù pè mí. Kò pe Dọ̀káàsì o. Safiyat ló pè, mo sì dáhùn. Ṣé kí n wá sọ fún un pé ó ṣì mí pè ni?"

Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù nínú ìjọ, ń mi orí, ó ń fi èdè Ègùn sọ̀rọ̀ sínú.

Ni Ruth bá ju táwẹ́ẹ̀lì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ odò tòun ti bàtà àti gèlè.

"Ruth! Ṣebí ìwọ ti ṣèrìbọmi?"

"Mo ti ṣe é, sà. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ara kan ni wá. Orí kì í wà nínú omi kí ẹsẹ̀ dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ."

Ó di ọwọ́ Safiyat mú.

"O ti ba aṣọ ọjọ́ ìsinmi rẹ jẹ́, wèrè," Safiyat rọra sọ.

"Jẹ́ kí aṣọ náà ṣèrìbọmi."

Pásítọ̀ wo àwọn méjèèjì. Ó wo etí omi, ó rí i pé àwọn yòókù ti ń bọ́ bàtà. Ó mí kanlẹ̀.

"Safiyat," ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ tí kò jẹ rí wò.

"Mo wà níbí, sà."

Safiyat fi ọwọ́ kan di imú. Ọwọ́ kejì kò fi Ruth sílẹ̀. Pásítọ̀ tún tẹ orí Safiyat, orí tẹ̀, làwọn obìnrin méjèèjì bá jọ wọmi lọ. Gèlè Ruth nìkan ló ṣẹ́kù lójú omi.