Ẹ Máa Bọ̀, Mo Wà ní Ṣọ́ọ̀bù

Ìkìlọ̀ pupa tún jáde lójú kọ̀ǹpútà: ìsopọ̀ kò ṣeé ṣe. Ẹ̀gbọ́n fi etí ìró nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń gbàdúrà lábẹ́ ètè: "Olúwa, ìwọ tó ń ṣílẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò lè tì, ṣí èyí."

Ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ló jókòó sí, láàárín òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù. Bàtà ni àbúrò náà ń ṣe fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n ló sì máa ń kì í pé, "Ọlọ́wọ́-ire, a-ṣe-bàtà-fún-amúkùn-ún-kó-gbàgbé-ọ̀pá." Ilẹ̀ ti gba Ọlọ́wọ́-ire báyìí. Àbúrò ní í sin ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n tiwọn dorí kodò. Lórí ìkànnì ayélujára tó fi ń polówó iṣẹ́, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, òòlù lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì wà lábẹ́ àwòrán náà: "Ẹ máa bọ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́."

Àwọn èèyàn sì ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, obìnrin kan tún pọn ọmọ wá láàárọ̀ yìí," ni ìyàwó olóògbé wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Èmi ni mo sọ fún un. Ó bú sẹ́kún, èmi náà ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Fóònù ọkọ mi ò sì jẹ́ kí n sinmi. Ẹ bá mi yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lórí ìkànnì yẹn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

"Mo gbọ́, ìyàwó."

Ìkéde ikú ló fẹ́ gbé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkànnì kì í gbé inú kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún un ṣe. Orí sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lọ́nà jíjìn, ló ń gbé, bí ètò ìṣàtúnṣe kò bá so mọ́ ọn, asán ni gbogbo làálàá. Ó pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó tún un tàn. Ó yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Lọ́sàn-án, ìsopọ̀ yege. Ó fi ìkéde ránṣẹ́, ètò náà ní ó ti dé. Ó ṣí ìkànnì wò: Ọlọ́wọ́-ire ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó tún fi ránṣẹ́. Ẹ̀rín náà kò kúrò. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń forí ṣánpọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ̀ ń fúyẹ́. Ẹnu ń gbàdúrà, ọkàn kò ṣe àmín.

Nígbà tó yá, ìyàwó fi fóònù tirẹ̀ pe àwọn tó ni sáfà, ó gbé e sórí tábìlì. Ohùn ọkùnrin kan jáde, aláwàdà ẹ̀dá.

"Mà, sáfà wa kò níbà o. Fáìlì yín ń dé. Yàrá tí ẹ ń kó o sí ni kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Yàrá mìíràn, ìyẹn fódà mìíràn, ni gbogbo ayé ń wò. Ta ló kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀ fún yín?"

Ẹ̀gbọ́n tún ń nu gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ pe ẹni náà, mà. Kódà lójú oorun, á mọ fódà tó tọ́."

"Èmi ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Ó dáa, mà. Ẹ tún orúkọ fódà náà kọ."

Ìlà kan ṣoṣo ni. Òun ló yan fódà tó tọ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú afẹ́fẹ́. Láti òwúrọ̀, gbogbo nǹkan ló ti yẹ̀ wò, àfi ìlà yẹn. Ó tún un kọ. Ó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rín náà kúrò. Orúkọ àti ọjọ́ ikú ló kù níbẹ̀.

"Ẹ mọ̀ ọ́n láti àárọ̀," ni ìyàwó wí. Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ bura pé òun gbàgbé ni. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

Ìyàwó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó tì í. Ó yọ fóònù ọkọ rẹ̀ nínú àpò, ó gbé e sáàárín wọn. Bátìrì rẹ̀ kún bámúbámú.

"Mo ní kò jẹ́ kí n sinmi," ló wí. "Alaalẹ́ ni mo ń fi iná sí i, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló rán mi?"

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wò ó. Kò sẹ́ni tó nawọ́ pa á.