Èdìdì Tó Já Mọ́ Awakọ̀ Lọ́wọ́

Ọdún méjìlélógún ni awakọ̀ yìí ti ń gbé ẹrù tí ìjọba fi èdìdì dì láti ibodè kan dé èkejì. Ibikíbi tó bá ti dúró, yóò yí lọ sẹ́yìn tírélà, yóò fa èdìdì wò bóyá ó ṣì mú. Kò rí inú ẹrù kankan rí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó fà á, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́.

 Òfin ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: bí èdìdì bá já, tí awakọ̀ sún kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ kí aṣọ́bodè gbọ́, tírélà di ti ìjọba, òun náà sì lè dèrò ẹ̀wọ̀n. Ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ sì ni tírélà náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyẹn náà lẹ ń làágùn sí?" Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn ló sọ bẹ́ẹ̀. Wáyà ni wọ́n ń pè é, torí kò sóhun tó bàjẹ́ tí kò lè fi wáyà dè. Ó ti mú pínsà jáde. "Ìṣẹ́jú méjì péré. Ta ni yóò mọ̀?"

"Gbé e sọnù! Kí àkàrà má lọ tú sépo níwájú."

Ó pe àwọn aṣọ́bodè lórí fóònù, ó jókòó ti ẹrù. Wáyà ń kùn.

Màmá kan tó jẹ́ aṣọ́bodè dé lọ́sàn-án. "Ta ló já a?"

"Èmi ni, màmá. Mo ní kí n fà á wò ni."

Màmá yí èdìdì náà sí oòrùn, ó rí ibi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nínú. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró. Ká ní wáyà ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ." Wáyà rọra ki pínsà bọ àpò. "Òfin ní ká ṣí i, ká kà á lójú yín."

Ẹsẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ti àwọn ọmọdé, tò lọ rẹrẹẹrẹ, òmíràn ò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, orúkọ ọmọ tó ni ín sì wà lára kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ ṣí fìlà. Ẹnu yà á débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣé irú èyí ló ti ń gbé sáré láti ọjọ́ yìí bí ẹni gbé yẹ̀pẹ̀? Màmá ń pe orúkọ wọn jẹ́jẹ́ bí olùkọ́, Wáyà sì ń dáhùn, "Ó wà. Ó wà," títí ó fi pé ọgọ́fà.

Wọ́n fi èdìdì tuntun sí i. Awakọ̀ nawọ́ láti fà á wò, ó tún fawọ́ sẹ́yìn.

Níbi kòtò àkọ́kọ́ tí wọ́n bá lọ́nà, Wáyà tó ti fẹ́ kí wọ́n lọ láti àárọ̀ ló kígbe: "Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló wà lẹ́yìn wa."